Òkun Tí Ó Sọnù ní Parakú

"Wọ́n ti jí òkun mi gbé o! Ẹ gbà mí o, wọ́n ti jí òkun mi gbé!"

Ẹni tó ń ké báyìí kì í ṣe wèrè. Ọlágbénró ayafótò ni, gbogbo àdúgbò Albarika ló sì mọ̀ ọ́n sí ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi fìlà na itan ara rẹ̀ bí ẹni tí oyin ta.

Parakú sì rèé, ìlú tí kò bá òkun pààlà rárá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú kan òkun láti ibẹ̀, àfi kó wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, kó jókòó títí ìdí á fi máa ro ó, kó tó gúnlẹ̀ sí Kútọnu.

Tọkọtaya kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, tí wọ́n múra bí ẹni ń lọ ọjọ́ ọdún. Wọ́n wá ya fótò ni. Ọkọ ń jẹ́ Fákúnlé, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ìjọba ní Àjàṣẹ́, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ojú rẹ̀ máa ń sùn bí kò bá ríṣẹ́ ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Ìbíyẹmí, ọmọ Kútọnu ni, etí òkun gan-an ni wọ́n bí i sí. Kọnjé ni wọ́n wà. Láti ìgbà tí Dàhòmì ti gba òmìnira, ọdún yìí ni àwọn ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ fún Fákúnlé ní ìsinmi tó ṣeé pè ní ìsinmi, ni wọ́n bá gbéra lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Ìbíyẹmí tó ń gbé ní àdúgbò Banikanni ní Parakú.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó ṣí ní Kútọnu ni Ìbíyẹmí ti kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Fọláhàn, ẹ gbọ́ o. Tá a bá dé Parakú, ẹ ò ní bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan ju 'ṣé àlàáfíà ni' lọ."

Fákúnlé búra. Láàárọ̀ yìí pàápàá, ó ti ń pa ìbúra náà mọ́ dáadáa. Wọ́n ti mu kókó gbígbóná, wọ́n ti rìn gbẹ̀rẹ́ kọjá lábẹ́ àwọn igi dóńgóyárò Banikanni, lórí ilẹ̀ pupa tó ń kun bàtà. Wọ́n ti rí Ìbàrìbá kan lórí ẹṣin tó fi aṣọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn obìnrin Dẹ́ńdì ti kí wọn ní "Fófò! Fófò!", Ìbíyẹmí náà sì ti ń kí gbogbo ayé bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n ti ra wàrà lọ́wọ́ ọmọge Fúlàní kan, wọ́n jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà bí ọmọdé. Nǹkan tó kù tí Ìbíyẹmí ń fẹ́ ni kí òun àti ọkọ òun dúró síwájú òkun Ọlágbénró, kí wọ́n yà wọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ fún un pé ẹni tó bá wá Parakú tí kò ya fótò níwájú òkun yẹn, kò tíì wá.

Aṣọ ni òkun náà. Aṣọ funfun fífẹ̀ kan ni, tí Ọlágbénró fi ọ̀dà ya omi búlúù tó ń dán sí, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi tó ń rú èéfín, àti erékùṣù kan tí igi àgbọn yí ká, tí òrùlé àwọn ilé inú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó ní Mátíníkì ni erékùṣù náà, pé àwọn èèyàn dúdú bíi tiwa ló ń gbé ibẹ̀ ní òdìkejì òkun. Inú kàlẹ́ńdà kan ló ti rí i. Ìyàwó tuntun, awakọ̀ tó ra bàtà tuntun, alájì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé, gbogbo wọn ló ń dúró síbẹ̀. Wọ́n á gbé àgbọ̀n sókè, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ ṣe ìsinmi ní Mátíníkì láì kúrò ní Albarika.

Òun ló sọnù yìí.

Fákúnlé wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ojú ọ̀run.

"Ẹyọ ìbéèrè kan péré," ni Fákúnlé wí.

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ni Ìbíyẹmí wí.

"Mùsé Ọlágbénró, nígbà tí ẹ dé, ṣé ilẹ̀kùn wà ní títì?"

"Gbọnin-gbọnin! Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣí i."

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ẹnikẹ́ni ò ní in. Ìyàwó tí mo máa fẹ́ pàápàá kò tíì wọlé dé."

Fákúnlé wọlé. Ẹ̀rọ ayafótò dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, aṣọ dúdú rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ òun ló lówó lórí jù nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀pá ọparun gígùn tí wọ́n máa ń ká aṣọ náà mọ́ wà nílẹ̀, wọ́n rọra tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Fákúnlé wá kúnlẹ̀, ó gbé imú súnmọ́ ilẹ̀. Èèpá ọ̀dà wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, búlúù, ewéko, àti pupa òrùlé. Wọn kò fọ́n káàkiri. Wọ́n tò ní ìlà tó gún bí okùn. Ìlà kan gba ibí, òmíràn sì dábùú rẹ̀.

"Kí lẹ rí?" ni Ìbíyẹmí bi í. Kò mọ̀ pé òun náà ti kúnlẹ̀.

"Mo rí olè tí kò kánjú."

"Àkànní ni!" ni Ọlágbénró ké. "Kí la tún ń wá? Èmi àti Àkànní la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Inú abọ́ ìyá mi la ti jọ ń jẹun. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ dá dúró, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin. Kò sẹ́ni tó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, torí kò ní òkun. Ó ti wá mú tèmi báyìí!"

Obìnrin kan tó ń dín iṣu níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ti ń na ọrùn láti ẹ̀ẹ̀kan, gbé ṣíbí rẹ̀ sókè. Mùtíátù lorúkọ rẹ̀.

"Ẹ bi mí! Ẹ̀gbọ́n, ibi tí mo jókòó sí yìí, bí adìyẹ bá kọjá, mo máa sọ ẹni tó ni ín."

"Ta lo wá rí?" ni Fákúnlé bi í.

"Lánàá, ní ìrọ̀lẹ́, mo rí Àkànní. Ó gbé alùpùpù mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti igi, ó wá ń yọjú lójú fèrèsé bí ológbò tó gbóòórùn ẹja."

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni Ọlágbénró ké.

"Ó wọlé?" ni Fákúnlé bi í.

"Kò wọlé. Ó yọjú, ó mí kanlẹ̀, ó lọ."

"Láàárọ̀ yìí ńkọ́?"

"Láàárọ̀ yìí? Lèmọ́mù kọjá. Fúlàní oníwàrà kọjá. Ìyá Ọlágbénró wá kó aṣọ ọmọ rẹ̀ lọ fọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó tiẹ̀ bá mi tọ́ iṣu wò. Àwọn ọmọ iléèwé kọjá. Olè kankan ò kọjá."

"O ò rí ẹni tó gbé nǹkan gígùn?"

"Bí mo bá rí i, ṣé màá dákẹ́?"

Ọlágbénró ti dé fìlà. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn jàńdáámù lòun ń lọ, kí wọ́n lọ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ Àkànní. Fákúnlé dì í lápá mú.

"Bí ẹ bá ti fi orúkọ ọkùnrin yẹn sẹ́nu jàńdáámù, ẹ ò ní rí i gbà padà mọ́. Ẹ fún mi di ìgbà tí wọ́n bá pe ìrun àsárì."

"Ẹ̀yin jẹ́ ta ni?"

Fákúnlé wo Ìbíyẹmí. Ìbíyẹmí mí kanlẹ̀, ó sì dáhùn fún un. "Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Ó sinmi títí, kò ríbi sinmi sí." Ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún ìró rẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìlú la kúkú fẹ́ rìn. Ẹ jẹ́ ká máa rìn ín, ká máa wá òkun lọ."

*

Ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin kún fún kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ akérò. Owú tó já bọ́ lára àwọn ọkọ̀ ńlá wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó funfun bí ìyẹ́ lékeléke. Ìbíyẹmí ń ṣa díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ bó ṣe ń rìn, ó ń fẹ́ ẹ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àkànní gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ya fótò, ó sáré jáde. Ọ̀dọ́kùnrin tí ojú rẹ̀ kò lè pa irọ́ mọ́ ni. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì búlúù títí dé ìgbọ̀nwọ́.

Ìbíyẹmí fún ọkọ rẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ níhà. Fákúnlé kò ṣe bí ẹni tó rí i.

"Òkun ni mo fẹ́," ni Fákúnlé wí. "Fótò tó ní òkun."

Ojú Àkànní já wálẹ̀. "Mi ò ní òkun, ọ̀gá. Ọ̀dọ̀ Ọlágbénró ni òkun wà."

"Kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Wọ́n jí i."

Àkànní fi ọwọ́ búlúù bo ẹnu, búlúù sì kun ètè rẹ̀. "Wọ́n jí kí ni? Ta ló jí i? Ọ̀gá, òkun yẹn, èmi ni mo po ọ̀dà rẹ̀! Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Ọlágbénró la jọ yà á!"

"Kí ló wà lẹ́yìn kọ́tìnì yẹn?"

"Kò... kò tíì parí."

"Ṣí i."

Àkànní ṣí i. Aṣọ fífẹ̀ kan nà láti ògiri dé ògiri, ó búlúù, ó ń rùn ọ̀dà tútù. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbì níbẹ̀, kò sí erékùṣù. Ojú ọ̀run ni. Láàárín rẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan na apá bí àwòdì, àwọn fèrèsé rẹ̀ wọ́ díẹ̀.

"Mo ní bí èèyàn ò bá lè lọ sókun lọ́dọ̀ mi, kó kúkú máa fò," ni Àkànní wí, ojú ń tì í.

"Ó rẹwà," ni Ìbíyẹmí wí, ó sì wí i tọkàntọkàn.

"Kí lo wá ń yọjú wò lójú fèrèsé Ọlágbénró lánàá?"

Àkànní tẹjú mọ́lẹ̀. "Búlúù rẹ̀ ń dán, tèmi ò dán. Mo fẹ́ mọ ohun tó tún fi sí i lẹ́yìn mi. Mo tún..." Ó ń fi ọwọ́ kan pa búlúù lára èkejì. "Ọ̀gá, a ti jọ jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo fẹ́ wọlé kí i. Ìgbéraga ò jẹ́."

"Bí ìwọ bá fẹ́ jí aṣọ yẹn, báwo lo ṣe máa gbé e?"

"Màá ká a mọ́ ọ̀pá rẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ká irú aṣọ yẹn láìsí ọ̀pá, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ po, ọ̀dà rẹ̀ á máa bó níbi tó bá ti ṣẹ́."

Fákúnlé dì í lọ́wọ́ mú, búlúù sì kun òun náà. "Má kúrò nílé o. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o wá sí Albarika, sọ pé ò ń dúró dè mí."

Nígbà tí wọ́n dé òde, Ìbíyẹmí ní, "Kì í ṣe òun."

"Kì í ṣe òun. Ayafótò kan ò ní fi ọ̀pá sílẹ̀ láé. Ẹni tó mú aṣọ yìí kò mọ ọ̀dà rárá, ṣùgbọ́n ìṣẹ́po rẹ̀ gún bí ìwé. Ebi ń pa mí."

*

Iyán ni Parakú ń jẹ, iyán náà ni wọ́n jẹ ní ọjà Azẹkẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà tí wàrà díndín ń léfòó nínú rẹ̀. Fákúnlé jẹ, ó lá ọwọ́. Ìbíyẹmí sì kọjá sí ìsọ̀ àwọn aláṣọ, torí ó ti ń ṣẹ́jú sí aṣọ kan tó ní àwòrán ẹyẹ láti ẹ̀ẹ̀kan.

Aláṣọ náà tú aṣọ sílẹ̀, ó nà án, wọ́n ná an, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún ná an. Nígbà tí wọ́n gbà, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ po. Ó pa etí pọ̀ mọ́ etí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ojú ìṣẹ́po láti òkè délẹ̀, ó yí i, ó tún pa etí pọ̀ mọ́ etí, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Fákúnlé gbàgbé wàrà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ta ló kọ́ yín ní irú ìṣẹ́po yẹn?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe ti Parakú nìyẹn. Ìyá Ṣábẹ̀ kan ló kọ́ gbogbo àwa tó wà ní ìsọ̀ yìí. Ibi tí mo jókòó sí gan-an ni ìjókòó rẹ̀. Ó ní aṣọ tí ò bá gún nínú ìṣẹ́po, kò lè gún lára. Ìyá Ọlágbénró ayafótò ni."

Ìbíyẹmí yára yí ojú sí ọkọ rẹ̀. Fákúnlé gbé ìka sókè díẹ̀, pé kó ní sùúrù.

"Ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀?"

"Ó ti pẹ́. Kò yẹ kó wà nílùú yìí pàápàá. Ọmọ́yẹmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà ní Librevílì lọ́dọ̀ ọkọ. Ó bí ìbejì, ó ti sanwó ọkọ̀ ojú omi pé kí ìyá òun wá bá òun wẹ àwọn ọmọ. Lọ́la ló yẹ kí Ìyá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kútọnu kó lọ bá ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò lọ! Lónìí ó ní orúnkún ń dun òun. Lánàá ó ní ta ni yóò máa fún adìyẹ òun lóúnjẹ. A ti ní kó gbé adìyẹ náà fún wa."

"Ṣé ó ti rí òkun rí?"

"Ìyá? Ẹni tí kò kọjá Ṣábẹ̀ lọ sọ́nà Kútọnu rí?"

Fákúnlé dúpẹ́. Wọ́n rìn díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ilẹ̀kùn wà ní títì, torí ẹni tó ṣí i tún un tì. Ọlágbénró ní ẹnikẹ́ni ò ní kọ́kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ń wọlé kó aṣọ fífọ̀. Ta ló ń ka ìyá ẹni mọ́ ẹnikẹ́ni? Mùtíátù rí i tó gbé ẹrù aṣọ jáde níṣojú gbogbo ayé, ó tún fún un ní iṣu jẹ."

"Mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí obìnrin yẹn ti dárúkọ rẹ̀," ni Ìbíyẹmí wí. "Ohun tí mi ò mọ̀ ni ohun tí ìyá arúgbó fẹ́ fi òkun ṣe."

"Èmi náà ò tíì mọ̀ ọ́n. Jẹ́ ká lọ bi í."

*

Banikanni ni aláṣọ náà júwe ilé ìyá náà sí, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n dé sí. Adìyẹ ń jẹ̀ lágbàlá, ara wọn dá ṣáká. Wọ́n kágò. Kò sẹ́ni tó dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ omi nínú yàrá ẹ̀yìn: ṣàlà, ṣàlà, ṣàlà. Wọ́n tọ ohùn náà lọ, wọ́n yọjú.

Òkun Ọlágbénró ló nà sára ògiri, ìṣó di etí rẹ̀ mú, ìlà ìṣẹ́po hàn lójú omi rẹ̀. Ìyá kan jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, ó ká ìró sí orúnkún, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ bàsíà ńlá tó kún fún omi. Ó ń fi ẹsẹ̀ gbá omi náà síwá sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ di àpótí mú bí ẹni tó wà lórí ẹṣin, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ọkọ̀ tó ń rú èéfín.

"Mò ń wò ọ́," ni ìyá náà ń sọ fún òkun. "Ìwọ náà ń wò mí. A ó rí ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣẹ́jú."

Fákúnlé ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú ewu omi, màmá."

Omi ta sílẹ̀ ṣàà. Ìyá náà yí padà, ṣùgbọ́n kò dìde. "Bí Ọlágbénró ló rán yín, ẹ sọ fún un pé mò ń fọ aṣọ."

"A rí i," ni Ìbíyẹmí wí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti dá a dúró, kò lè dá a dúró. Ìyá náà wò ó ṣìọ̀ṣìọ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú bàsíà, òun náà bá bú sẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rín lọ, omijé kò lọ.

"Ọmọ mi bí ìbejì," ó wí. "Àjèjì ló ń wẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ lọ, Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní omi yẹn ò ní etí kejì. Odò Ọpará tí mo mọ̀, béèyàn bá dúró sí etí rẹ̀, ó ń rí igi tó wà lódìkejì. Omi tí ò ní òdìkejì, ibo ló ń lọ? Mo wá ní kí ojú mi mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ dá a padà kí ọmọ mi tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, oorun ló gbé mi lọ níwájú rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?" ni Fákúnlé bi í.

"Kí n sọ fún ta ni? Èmi tí mo lé àwọn agbowó-orí kúrò ní ìsọ̀ aṣọ pẹ̀lú ọmọ odó! Kí gbogbo Azẹkẹ gbọ́ pé ẹ̀rù omi ń bà mí?"

Ìbíyẹmí bọ́ bàtà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, aṣọ ọdún rẹ̀ ń mu omi tó ta sílẹ̀, kò bìkítà.

"Màmá, etí òkun ni wọ́n bí mi sí. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó tóbi. Ó ń pariwo tọ̀sán tòru. Ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ ń wá, ó ń lọ, bí èémí ẹni tó ń sùn. Láàárọ̀ á dà bí ẹni pé wọ́n da fàdákà sí i lójú. Ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀ tóbi ju ilé yìí lọ, ẹ máa ní ibùsùn níbẹ̀, ẹ máa rí èèyàn wa bá sọ̀rọ̀."

"Wọ́n ní òòyì máa ń kọ́ni níbẹ̀. Wọ́n ní èèyàn á bì."

"Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bì. Ẹ mú ọsàn wẹ́wẹ́ dání kẹ́ ẹ máa fá a lá. Èèbì kì í pààyàn."

Ìyá náà ronú sí èyí. "Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Gbogbo wọn ní kò sí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan. Bí wọ́n bá ti ní kò sí nǹkan kan, mo máa ń mọ̀ pé nǹkan wà."

Fákúnlé kò fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n oòrùn ti ń yẹ̀. "Màmá, mi ò bá tí sọ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ Ọlágbénró ní Àkànní ló jí aṣọ yìí. Ó fẹ́ kó jàńdáámù bá a."

Ìyá náà yọ ẹsẹ̀ nínú omi. "Àkànní wo? Àkànní tó ń jẹun nínú abọ́ mi?" Ó ti dìde. Orúnkún kankan kò dùn ún. "Ẹ bá mi yọ ìṣó yẹn!"

*

Wọn kò tíì dé Albarika tí wọ́n ti ń gbọ́ ariwo. Àkànní kò lè jókòó sílé. Ó ti wá fúnra rẹ̀ láti sọ pé ọwọ́ òun mọ́, pẹ̀lú ọwọ́ búlúù. Ọlágbénró di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Mùtíátù dúró láàárín wọn pẹ̀lú ṣíbí, ó ń ké pé kí wọ́n má dojú epo òun dé.

"Wo ọwọ́ rẹ̀!" ni Ọlágbénró ń pariwo. "Òkun mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn!"

"Ojú ọ̀run ni!" ni Àkànní ń ké. "Ojú ọ̀run ni, ẹ̀gbọ́n!"

Èrò ya sọ́tùn-ún sósì. Ìyá Ọlágbénró kọjá láàárín wọn, aṣọ ṣíṣẹ́po tó gún rébété lórí rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀. Olè rẹ nìyí."

Ọlágbénró tẹjú mọ́ aṣọ náà.

"Màámi?"

"Èmi ni mo gbé e. Ọ̀la ló yẹ kí n wọ ọkọ̀, ẹ̀rù òkun sì ń bà mí." Ó yí ojú sí àwọn èrò, ó gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. "Mo ní ẹ̀rù ń bà mí! Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in báyìí, mi ò ní sí nílé lọ́la."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mùtíátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ìyá, èmi tí mo rí yín, tí mo ní mi ò rí olè..." Ó da ọwọ́ bo orí. "Mo tún bu iṣu fún yín!" Ẹ̀rín wá sọ gẹ̀ẹ́, ìyá náà ló sì rín jù.

Ọlágbénró ti fi ẹ̀wù Àkànní sílẹ̀. Ó tú òkun náà díẹ̀, ó wo ibi tí ọ̀dà ti bó, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ pupa níwájú Àkànní tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

"Àbúrò mi, mo ṣẹ̀ ọ́."

"Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Àkànní ń fà á, ó ń kun ún ní búlúù. "Ọ̀dà mi ṣì tútù. Ẹ jẹ́ ká dí ojú ibi tó bó kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ kàn sọ ohun tí ẹ ń fi sí tiyín tó fi ń dán."

"Ẹyin adìyẹ," ni Ọlágbénró wí. "Adìyẹ màámi."

Wọ́n jọ gbé aṣọ náà kọ́. Ọ̀kan ń po ọ̀dà, èkejì ń kun ún, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀ láìdúró gbọ́ ara wọn. Fákúnlé di àkàsọ̀ mú fún wọn. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tán, wọ́n fi ìyá náà sáàárín, Ìbíyẹmí lápá ọ̀tún rẹ̀, Mùtíátù pẹ̀lú ṣíbí lápá òsì, wọ́n sì yà wọ́n. Ìyá náà ní òun kò ní jókòó. Ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí òkun.

"Madáàmù," ó wí fún Ìbíyẹmí lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ máa pẹ́ ní Parakú?"

Ìbíyẹmí mọ ohun tó ń béèrè. Kọnjé ọkọ rẹ̀ ṣì kù rẹpẹtẹ. Wọn kò tíì dé oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọn kò tíì rí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Ó wo Fákúnlé. Fákúnlé ti ń béèrè lọ́wọ́ Ọlágbénró ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin máa ń ṣí.

*

Ní èbúté Kútọnu, ìyá náà dúró, ó kọjú sí òkun. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gèlè rẹ̀. Ó di ọrùn-ọwọ́ Ìbíyẹmí mú tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ náà fi kú tipiri, ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí kò fà á kúrò. Ọlágbénró, tó bá wọn wá, ru àpótí ìyá rẹ̀, kò lè gbé ojú sókè torí ẹkún.

Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó na ọwọ́ sí ìyá náà. Ìyá wo ọwọ́ náà, ó gbọn orí. Ó fi Ìbíyẹmí sílẹ̀, ó di irin àtẹ̀gùn mú fúnra rẹ̀, ó gun ọ̀kan, ó dúró. Ó gun èkejì. Lábẹ́ rẹ̀, omi ń lu ara ọkọ̀. Kò wo ìsàlẹ̀. Ó ń gùn ún lọ bẹ́ẹ̀, àwọn èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń ní sùúrù fún un, títí ó fi dé òkè.

Ó yí padà níbẹ̀, ó di irin mú, ó sì rí wọn nísàlẹ̀, àwọn mẹ́ta tó rọ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn nínú oòrùn bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí iléèwé.

"Ẹ̀yin wọ̀nyí," ó ké sí wọn, ohùn rẹ̀ sì borí ìgbì, "kí lẹ dúró síbẹ̀ wò? Oòrùn ń pa yín! Ẹ lọ wá nǹkan jẹ!"